Nọ́ńbà tí ìgníṣọ̀n ẹlẹ́tíróníìkì ń gbé jáde nínú báàlù tẹ́ ẹ kàn fúnra yín: bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kan báàlù fúnra yín. Ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ yọ lẹ́nu ẹni tó bá yọ mágínẹ́tò (ẹ̀rọ olóòfà tó ń ta iná fún púlọ́ọ̀gì láìlo bátìrì) kan kúrò tó fi ìgníṣọ̀n ẹlẹ́tíróníìkì sípò ẹ̀ ni pé àwọn nọ́ńbà tó ń yọ lójú sìkírínì yìí, RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan) rèé, dígírì táímìnì (ìgbà tí iná ń bọ́ sínú sílíńdà) rèé, MAP (agbára afẹ́fẹ́ nínú páìpù tó ń gbé e wọ ẹ́ńjìnnì) rèé, ṣé kéèyàn máa fi fò báyìí? Èmi á ní ẹ rọra ná. Gééjì ọlọ́wọ́ ti àtijọ́, tí ara ẹ̀ ò bá yá, ọwọ́ ẹ̀ á máa gbọ̀n, ẹ̀yin náà á rí i pé nǹkan ń ṣe é. Nọ́ńbà dígítà kì í gbọ̀n, ó lè kọ 27.3 gbàgàdà síbẹ̀ kó máa parọ́ láìṣẹ́jú.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nínú gbogbo àlàyé yìí ni pé ẹ má fi àpótí kan yẹ ara ẹ̀ wò. RPM tí àpótí ìgníṣọ̀n ń rán lọ sí EFIS (sìkírínì tó kó gbogbo gééjì jọ), táímìnì tí àpótí yẹn fúnra ẹ̀ ń kéde, MAP tó ń kà láti inú sẹ́ńsọ̀ tó wà nínú ẹ̀, orísun kan náà ni gbogbo wọn. Tí sẹ́ńsọ̀ tó ń wo kránkì bá ti yẹ̀ ní dígírì 4, àpótí á ṣì máa kọ 25 fún yín nígbà tó jẹ́ 29 gan-an ni iná ń bọ́ sínú sílíńdà, kò mọ̀, níbo ló ti fẹ́ mọ̀? Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí tí kò bá àpótí yẹn jẹun pọ̀. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ò ju pé kẹ́ ẹ wá ẹlẹ́rìí yẹn lọ, púpọ̀ nínú wọn sì wà nílé yín láìmọ̀.

Kí n tètè sọ èyí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Mágínẹ́tò ò mọ̀ ju táímìnì kan ṣoṣo lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì Lycoming O-320, dígírì 25 ṣáájú TDC (ibi tí píísítìnì ti dé òkè pátápátá) ni, O-360 míì 25, òmíì 20, àwo tó wà lára ẹ́ńjìnnì yín ló mọ tiyín, ẹ lọ kà á, ẹ má gbà á lẹ́nu ẹnikẹ́ni títí kan èmi. Ìgníṣọ̀n ẹlẹ́tíróníìkì ní tiẹ̀ ń wo RPM, púpọ̀ nínú wọn sì ń wo MAP mọ́ ọn, tí ẹrù ò bá pọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì ó máa sún táímìnì síwájú, lókè lọ́hùn-ún níbi tẹ́ ẹ ti ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ ó lè kọjá 30 dáadáa, tẹ́ ẹ bá sì ṣí tọ́rọ́tù tán nílẹ̀ láti gbéra ó máa fà á padà. Ẹ́ńjìnnì Rotax 912 oníkábúrétọ̀ ò sí nínú ìyẹn, òun ò wo MAP, CDI (ìgníṣọ̀n oníkapásítọ̀) ni tiẹ̀, dígírì 4 nígbà tẹ́ ẹ bá ń stáàtì, tó bá ti kọjá bíi 1,000 RPM ó bọ́ sí 26, ó tán. Riwáyà tó bá ti tú CDI ọ̀kadà rí ní àdúgbò Táíwò nílùú Ìlọrin, tẹ́ ẹ bá ṣí ti Rotax hàn án, kò ní bẹ̀rù ẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí RPM torí òun ló rọrùn jù, òun sì ni àwọn yòókù ń gùn lé. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 4 tó jẹ́ 4-stroke ń ta iná lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí kránkì bá yí lẹ́ẹ̀kan, ti sílíńdà 6 ń ta á lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú sẹ́tíìnì EFIS ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti ń bi yín pé pulse (àmì iná) mélòó ló ń wọlé fún yíyí kan. Tẹ́ ẹ bá fi 3 síbi tó yẹ kó jẹ́ 2, 2,400 á di 1,600 lójú yín, tẹ́ ẹ bá fi 1 sí i á di 4,800. Ìyẹn gan-an ò léwu torí kò sẹ́ni tí ò ní rí i. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa táákò (gééjì RPM) dígítà ni pé ó ń kà ni, kì í fojú díwọ̀n, nítorí náà tó bá máa yẹ̀, yálà kó yẹ̀ pátápátá báyìí (ìdajì, ìlọ́po méjì, ìdá méjì nínú mẹ́ta) tàbí kó máa fò sókè sódò torí pé wáyà kan ń gbé ariwo wọ̀ ọ́. Tó bá wá ń kọ 80 RPM tó fi dín sí òótọ́ nígbà gbogbo láìyẹsẹ̀, gééjì ọlọ́wọ́ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ẹlẹ́rìí tẹ́ ẹ fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ló ń purọ́.

Ẹlẹ́rìí RPM ni optical tach, ẹ̀rọ kékeré ọwọ́ yẹn tí ẹ máa dojú ẹ̀ kọ abẹ̀bẹ̀ láti ọ̀ọ́kán tó máa ka bí ewé abẹ̀bẹ̀ ṣe ń gé ìmọ́lẹ̀. Àwọn tó ń fò báàlù kékeré oníríìmótù náà ń lò ó. Kẹ́ ẹ tó gba òun náà gbọ́, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ iná NẸ́PÀ. Ẹ wá fluorescent gígùn àtijọ́ tó ní choke, ẹ dojú táákò kọ ọ́. Iná wa 50 Hz ni, fluorescent máa ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì nínú Hz kan, ìyẹn 100 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, tẹ́ ẹ bá sẹ́ẹ̀tì táákò sí abẹ̀bẹ̀ eléwé 2 ó yẹ kó kọ 3,000, eléwé 3 kó kọ 2,000. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ NẸ́PÀ, 50 yẹn kì í dúró síbì kan, nítorí náà ẹ fi mọ́tímítà tó ń ka Hz sí sókẹ́ẹ̀tì lásìkò kan náà, Hz tó bá kọ ẹ fi 60 lọ́nà ẹ̀, ìyẹn ni RPM tó yẹ kẹ́ ẹ rí fún eléwé 2. Tí mítà bá kọ 50.4, ẹ máa retí 3,024. Ẹ má lo iná jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé láìka Hz ẹ̀, tí firíìjì bá gbé e báyìí ohùn ẹ̀ á já wálẹ̀ kó tó gbéra padà, gbogbo ẹni tó ti gbé àdúgbò Táńkẹ̀ ní Ìlọrin rí ló mọ ohùn yẹn. Gílóòbù LED tuntun náà, ẹ fi í sílẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣẹ́jú tí táákò lè rí.

Tí táákò bá ti yege, ẹ gbé e wọ inú báàlù, ẹ jókòó sínú cockpit, ẹ wo abẹ̀bẹ̀ látẹ̀yìn gba ojú gíláàsì kọ sánmà tó mọ́lẹ̀. Ẹlòmíì ni kó di bíréèkì àti tọ́rọ́tù mú, kí ẹni tó ń ka táákò máa ka táákò. Ẹ má dúró níwájú abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nítorí pé ẹ fẹ́ rí nọ́ńbà dáadáa, nọ́ńbà kankan ò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ka á ní bíi 1,000, 1,700 àti 2,200, tí EFIS àti táákò bá wà láàárín 20 sí ara wọn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ lọ.

Ẹ̀yin oní-Rotax, abẹ̀bẹ̀ yín kì í yí bákan náà pẹ̀lú kránkì, gíà wà láàárín. Ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin (horsepower) 80, 2.27 ni gíà ẹ̀, ti agbára ẹṣin 100, 2.43. Táákò abẹ̀bẹ̀ tó bá kọ 2,263, tẹ́ ẹ bá fi 2.43 lọ́nà ẹ̀ 5,500 nìyẹn, ibi tí wọ́n ní ẹ lè fi máa rìn títí láìsinmi. Tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì fi 2.27 lọ́nà ẹ̀, 5,137 lẹ máa rí, ẹ óò wá rò pé ẹ ṣì láyè tó pọ̀ síwájú, ẹ óò máa ti ẹ́ńjìnnì lọ sí 5,800, tó sì jẹ́ pé ìṣẹ́jú 5 péré ni wọ́n fún yín níbẹ̀.

Táímìnì ló kàn, ibi tó gba sùúrù nìyí. Dígírì tó wà lójú sìkírínì, kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n nínú sílíńdà, ìṣirò ni. Àpótí mọ ìgbà tí òòfà ara flywheel kọjá níwájú sẹ́ńsọ̀, ó mọ RPM, ó mọ MAP, ó wo táábù tí wọ́n kọ sínú ẹ̀, ó pinnu ìgbà tó máa ta iná, ìpinnu yẹn ló ń kà fún yín. Ó ń sọ ohun tó pa láṣẹ. Bóyá àṣẹ náà ṣẹ níbi tó yẹ, ẹ̀yin lẹ máa lọ wò ó.

Ẹ kọ́kọ́ wá TDC tòótọ́. Ẹ pa másítà, ẹ yọ fíúsì ìgníṣọ̀n, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì òkè gbogbo sílíńdà. Tí mágínẹ́tò bá ṣì wà lápá kejì, ẹ rántí pé òun ò nílò bátìrì, tí wáyà P-lead ẹ̀ (èyí tí swítìsì fi ń pa á) bá ti já níbì kan ó wà láàyè bí swítìsì bá tilẹ̀ wà lórí OFF, torí náà ẹ máa fọwọ́ kan abẹ̀bẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ yí. Ẹ wá ki piston stop sójú ihò púlọ́ọ̀gì sílíńdà 1, irin kékeré tó ń dá píísítìnì dúró kó tó dókè ni. Ẹ so àwo dígírì mọ́ iwájú abẹ̀bẹ̀, ẹ tẹ wáyà líle kan ṣe ọfà tó ń nà sí i, ẹ fojú díwọ̀n òdo. Ẹ fọwọ́ rọra yí abẹ̀bẹ̀ títí tó fi kan irin, ẹ kọ nọ́ńbà ibẹ̀ sílẹ̀, ẹ yí i padà lápá kejì títí tó fi tún kàn án, ẹ kọ ìyẹn náà. Àárín gbùngbùn méjèèjì ni TDC. Ká ní ó kan irin ní 38 lápá kan, ó wá kàn án ní 44 lápá kejì, òdo tẹ́ ẹ fojú díwọ̀n ti yẹ̀ ní dígírì 3 nìyẹn, ẹ sún àwo náà kó di 41 lápá méjèèjì. Ẹ má fagídí bá irin yẹn jà, alumíníọ̀mù ni píísítìnì. Àwọn kan máa ń fi sìkírúdíráfà wá TDC, wọ́n á ki í bọ ihò púlọ́ọ̀gì wọ́n á máa wo ìgbà tó dẹ́kun lílọ sókè, mi ò fara mọ́ ọn rárá, tí píísítìnì bá ti sún mọ́ òkè báyìí kránkì lè yí dígírì mélòó kan kí píísítìnì má fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan, ojú èèyàn ò lè mú un.

Tí TDC bá ti dúró, ẹ lọ wo àmì tí Lycoming fín sára ring gear (àwo eléyín tí stáàtà ń yí) bóyá ó bá tiyín mu. Èyí tó wà lójú iwájú, ihò kékeré ara stáàtà ló ń bá ṣe déédéé, èyí tó wà lójú ẹ̀yìn, ìlà ibi tí wọ́n ti so apá méjì ẹ́ńjìnnì pọ̀. Tí àmì 25 ò bá hàn mọ́, ẹ lè fi eyín kà á, ring gear púpọ̀ ní eyín 149, àwọn àtijọ́ míì 122, ẹ ka tiyín kó dá yín lójú. 360 pín sí 149 jẹ́ dígírì 2.4 fún eyín kan, pín sí 122 jẹ́ nǹkan bíi 2.95. Eyín méjì péré tẹ́ ẹ bá ṣì kà, ó ti ń lọ sí dígírì 5. Ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí TDC, 20, 25, 30 àti 35.

Tọ́ọ̀ṣì táímìnì ló kù, èyí tí àwọn mẹkáníìkì mọ́tò ń lò, tí ẹ máa há mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì sílíńdà 1. Wàhálà kan wà níbẹ̀ tó ti da orí ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Ìgníṣọ̀n wa púpọ̀ ń ṣe wasted spark, ìyẹn ni pé púlọ́ọ̀gì kan náà ń ta iná nígbà tó yẹ, ó tún ń ta òmíì dànù lásán nígbà tí sílíńdà yẹn ń lé èéfín jáde. Tọ́ọ̀ṣì tó ní bọ́tìnì yíyí, èyí tẹ́ ẹ fi ń yí dígírì títí TDC á fi dúró lójú àmì, ó ti rò tẹ́lẹ̀ pé iná kan ló wà nínú yíyí kránkì méjì. Tó bá wá rí méjì, ìṣirò ẹ̀ á di ìlọ́po, 25 á di 50 lójú ẹ̀, ẹlòmíì á sáré lọ fa sẹ́ńsọ̀ padà síbi tí kò yẹ kó dé rárá. Tọ́ọ̀ṣì tí ò ní bọ́tìnì kankan ni kẹ́ ẹ lò, ẹ ka ọ̀dà funfun tẹ́ ẹ fà. Tó bá sì jẹ́ oníbọ́tìnì lẹ ní, ẹ yí i sí òdo pátápátá, kó má dá ìmọ́lẹ̀ dúró rárá.

Ẹ so báàlù mọ́lẹ̀ ní ìdí, ẹ fi igi sí táyà níwájú lẹ́yìn, ẹnì kan jókòó sínú ẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ míì ju bíréèkì lọ. Ẹni tó di tọ́ọ̀ṣì mú, ẹ̀gbẹ́ ni kó dúró, sẹ́yìn ibi tí abẹ̀bẹ̀ ti ń gé, kó bọ́ agbádá sílé, kó má fi nǹkan kan kọ́ ọrùn, kó sì so wáyà tọ́ọ̀ṣì mọ́ ara ẹ́ńjìnnì kó má fì. Bí àyè ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ dúró níbẹ̀ láìséwu, ẹ so fóònù mọ́ ibì kan kó máa ya fídíò, ẹ wò ó lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì. Kí MAP má bàa máa yí táímìnì mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ yọ ọ́ọ̀sì MAP kúrò lára àpótí kó máa mí afẹ́fẹ́ ìta, ẹ dí ẹnu ọ́ọ̀sì tó wá láti ẹ́ńjìnnì, RPM tí ìwé àpótí yín bá sọ ni kẹ́ ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sí. Ohun tí ọ̀dà bá sọ, ohun tí sìkírínì bá sọ, kí wọ́n wà láàárín dígírì 1 síra wọn. Tí wọn ò bá sí, irin ni kẹ́ ẹ tún ṣe, ẹ sún sẹ́ńsọ̀ tàbí òòfà. Àwọn àpótí kan gbà kéèyàn wọ inú sẹ́tíìnì kó fi dígírì kún un tàbí kó yọ ọ́, mo mọ̀ pé ó rọrùn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹlòmíì bá pààrọ̀ àpótí yẹn láìmọ̀ pé ẹ fi 4 pamọ́ síbẹ̀, orí ẹ́ńjìnnì ló máa ti jẹ ẹ́.

MAP ni mo fẹ́ràn jù torí kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú, gééjì MAP gbọ́dọ̀ máa kọ ohun tí afẹ́fẹ́ ibi tẹ́ ẹ wà bá jẹ́, kò sí nǹkan míì tó lè kọ. Pápákọ̀ òfúrufú Ìlọrin wà ní bíi 1,126 ẹsẹ̀ bàtà sókè òkun, afẹ́fẹ́ sì ń dín ní bíi íǹṣì 1 nínú ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà, nítorí náà lọ́jọ́ tí tower bá ní QNH (agbára afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti ṣírò sí ìpele òkun) jẹ́ 29.92, MAP yín ní Ìlọrin gbọ́dọ̀ máa kọ nǹkan bíi 28.7. Tó bá ń kọ 29.9 ṣanṣan nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, kí inú yín má dùn o, á jẹ́ pé ẹnì kan ló fi QNH ṣe é, ó ti fi íǹṣì 1.2 sórí òótọ́. Àpótí tó bá rò pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju bó ṣe pọ̀ lọ á fa táímìnì sẹ́yìn, kò ní ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ ṣùgbọ́n epo tẹ́ ẹ fẹ́ máa fi pamọ́ tẹ́ ẹ torí ẹ̀ ra ìgníṣọ̀n, ẹ ò ní rí i.

Ẹlẹ́rìí MAP wà nínú cockpit yín tẹ́lẹ̀. Ẹ yí bọ́tìnì altimeter títí ọwọ́ ẹ̀ á fi wà lórí òdo, ẹ wá ka nọ́ńbà tó wà nínú fèrèsé kékeré ẹ̀, ìyẹn ni afẹ́fẹ́ ibi tẹ́ ẹ wà gan-an. Ó máa ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin dáadáa, àmọ́ ẹni tó bá wà lórí ilẹ̀ tó ga kọjá bíi 1,800 ẹsẹ̀ bàtà, fèrèsé ọ̀pọ̀ altimeter kì í kà lọ sísàlẹ̀ 28, kó yáa lo fóònù. Fóònù púpọ̀ ní barometer nínú, hPa ló ń kà, 28.7 jẹ́ bíi 972 hPa, ẹ pín hPa sí 33.86 ẹ ó rí íǹṣì. Tí altimeter, fóònù, EFIS àti àpótí ìgníṣọ̀n bá jókòó pọ̀ láàárín 0.2 tàbí 0.3 síra wọn, ó ti tán. Tí ẹnì kan bá dá dúró, òun lẹ máa mú.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yẹ ọ́ọ̀sì wò. Ẹ ra síríńjì ńlá ní kẹ́míìsì, ẹ so ó mọ́ ẹnu ọ́ọ̀sì tó lọ sí sẹ́ńsọ̀, ẹ fà á títí MAP á fi wá sílẹ̀ dé bíi 20, ẹ fún un pa, ẹ máa wo nọ́ńbà fún ìṣẹ́jú kan. Tó bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń wọ̀ níbì kan. Ọ́ọ̀sì rọ́bà tó ti rí oòrùn ilẹ̀ wa fún ọdún méjì mẹ́ta máa ń sán lẹ́nu níbi tí wọ́n ti fi dè é. Èyí tó ń jò, bí mo ṣe wí, á kàn jẹ́ kí àpótí máa rò pé ẹrù pọ̀. Èyí tó léwu ni ọ́ọ̀sì tó dí. Ká ní ó dí nígbà tí tọ́rọ́tù wà ní pípa, MAP kékeré á há sínú ẹ̀, ẹ wá ṣí tọ́rọ́tù tán láti gbéra, àpótí ṣì rò pé ẹ́ńjìnnì ń sinmi, ó fi táímìnì síwájú jìnnà, epo á máa bú kó tó àsìkò ẹ̀, CHT (ooru orí sílíńdà) á sì máa gòkè lójú yín. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń ṣí tọ́rọ́tù, ẹ máa wo bóyá nọ́ńbà MAP ń bá ọwọ́ yín lọ lójú ẹsẹ̀, tó bá ń wọ́ tẹ̀lé yín, ẹ pa á, ẹ lọ fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ́ọ̀sì, epo tàbí ọ́ìlì ti dúró nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa dà gẹ̀rẹ̀ láti àpótí lọ sí ẹ́ńjìnnì, kí ohun tó bá wọ̀ ọ́ lè ṣàn padà.

Ariwo iná ní tiẹ̀, a lè mọ̀ ọ́n láìní ẹ̀rọ kankan. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tan másítà, ẹ tẹ rédíò bí ẹni tó ń bá tower sọ̀rọ̀, ẹ wo gbogbo gééjì. Èyí tó bá fò, antenna ti ń bá wáyà ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ stáàtì ẹ́ńjìnnì, nígbà tó bá gbóná ẹ pa ìgníṣọ̀n kan fún sẹ́kọ́ńdì kan lórí RPM kékeré, ẹ tún tan án. Tí CHT bá já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ pa á, ìyẹn kì í ṣe ooru, irin kì í tutù láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, iná ìgníṣọ̀n ló ń wọ wáyà gééjì. Púlọ́ọ̀gì tó ní rẹsísítọ̀, wáyà púlọ́ọ̀gì tí kò tíì ya, wáyà gééjì tí wọ́n ò dì pọ̀ mọ́ ti kọ́ìlì, shield (ìbòrí onírin ara wáyà) tí wọ́n so mọ́ ẹ́ẹ̀tì (earth) ní ìpẹ̀kun kan péré, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wá a. Ẹni tó bá ń mú RPM láti P-lead mágínẹ́tò, kó rí i pé rẹsísítọ̀ tí ìwé EFIS sọ wà níbẹ̀, kó sì sún mọ́ mágínẹ́tò, torí tí wáyà tó lọ sí EFIS bá kan ara báàlù níbì kan láìsí i, mágínẹ́tò yẹn ti kú nìyẹn.

Ẹ́ẹ̀tì máa ń sọ gééjì di òpùrọ́ ju sẹ́ńsọ̀ lọ. Sẹ́ńsọ̀ ọ́ìlì púpọ̀ ń fi ara ẹ́ńjìnnì ṣe ẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi mọ́tímítà sáàárín ara ẹ́ńjìnnì àti ẹ́ẹ̀tì EFIS, kí gbogbo nǹkan wà ní títàn, kí alternator máa ṣiṣẹ́. Ó yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Àpótí ìgníṣọ̀n náà, ẹ fi mítà sáàárín póòlù bátìrì àti ẹnu àpótí nígbà tó ń ṣiṣẹ́, tó bá ti ń sún mọ́ ìdajì fóòtì (volt), kọnẹ́kísọ̀n kan ti jẹrà, ó lè wù yín láti fojú fo ó torí pé ẹ́ńjìnnì ń dún dáadáa, ẹ má fojú fo ó, ìgbà tí bátìrì bá rẹ̀ lẹ̀ ń stáàtì ló máa fi hàn yín.

CHT kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ láti sílíńdà, ẹ ki í bọ inú omi tó ń hó. Ní Ìlọrin omi ń hó ní díẹ̀ sísàlẹ̀ 99 dígírì, kì í dé 100, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ rí nìyẹn. Tó bá yẹ̀ gan-an, ẹ lọ wo sẹ́tíìnì bóyá wọ́n fi type K síbi type J (irú wáyà sẹ́ńsọ̀ ooru méjì ni), CHT wa sábà máa ń jẹ́ J, EGT (ooru èéfín) ni K. Ẹ má sì fi wáyà kọ́pà lásán gùn ún, wáyà irú kan náà ni kẹ́ ẹ fi gùn ún.

Ní run-up (ìdánwò ẹ́ńjìnnì nílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra), ẹ mọ ibi tí RPM yín ti ń wá. Tí EFIS bá ń gba RPM látọ̀dọ̀ ìgníṣọ̀n nìkan, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá pa ìgníṣọ̀n yẹn láti dán mágínẹ́tò wò, RPM lè bọ́ sí òdo lójú yín kí ẹ́ńjìnnì sì máa lọ, ẹni tí wọn ò sọ fún lè jágbe. Ẹ fa wáyà kejì wá láti apá kejì. Fún mágínẹ́tò méjì, Lycoming ní kí RPM má já ju 175 lọ tẹ́ ẹ bá wà lórí ẹyọ kan, kí méjèèjì má sì fi ju 50 yàtọ̀ síra. Rotax ní tiẹ̀, 4,000 ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kó má já ju 300, kí ìyàtọ̀ má ju 115. Báàlù tó ní mágínẹ́tò kan àti ẹlẹ́tíróníìkì kan ò ní tẹ̀lé 50 yẹn, tẹ́ ẹ bá pa mágínẹ́tò ó lè má fẹ́rẹ̀ẹ́ já rárá, tẹ́ ẹ bá pa ẹlẹ́tíróníìkì ó máa já dáadáa, kò túmọ̀ sí pé mágínẹ́tò bàjẹ́. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀ nígbà tí gbogbo nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ pé, ìyẹn lẹ máa fi wé. Ẹ máa wo EGT náà: lórí ìgníṣọ̀n kan, gbogbo EGT yẹ kó gòkè torí iná ń jó pẹ́. Sílíńdà tí tiẹ̀ bá ń wálẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ ẹ̀ ń gòkè, púlọ́ọ̀gì tó kù síbẹ̀ ni ò ta iná.

Tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ ring gear, tẹ́ ẹ bá ti yọ sẹ́ńsọ̀ kránkì fún ìdí kankan, tàbí tẹ́ ẹ gbé sọ́fítíwíà tuntun sórí EFIS, ẹ padà sí pulse, TDC àti MAP kẹ́ ẹ tó gbéra. Sọ́fítíwíà tuntun lè dá sẹ́tíìnì pulse padà síbi tó wà nígbà tí wọ́n kó o jáde ní ilé iṣẹ́, ẹ wo ìyẹn ṣáájú ohun gbogbo.